Bọ́ńgálò Àwọn Òṣìṣẹ́ Chicago, àti Iye Tí Kì Í Hàn Nínú Ìwé Ìṣirò

Nígbà tí a bá ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, ojú ewé ohun-ìní ni a ti máa ń bá ilé pàdé. Níbẹ̀ ni akọ̀wé ti kọ iye tí ẹgbẹ́ fi kọ́ ilé náà sí, lọ́dọọdún ni a sì ń yọ díẹ̀ kúrò lára iye yìí nítorí pé ilé ń gbó. Bí ilé bá ti lo ogójì tàbí àádọ́ta ọdún, iye rẹ̀ lórí ìwé lè ti di náírà kan ṣoṣo. Ìṣirò náà tọ̀nà. Àwa gan-an ni a ń kọ́ àwọn akọ̀wé bí wọn yóò ti ṣe é. Ṣùgbọ́n a rí i pé àwọn ìgbìmọ̀ kan ti ń wo náírà kan yìí bí ẹni pé òun ni gbogbo ohun tí ilé náà jẹ́. Ẹgbẹ́ kan wà lára àwọn tí a ń bẹ̀ wò tí ó fẹ́ gbé àbá wá síwájú ìpàdé gbogbogbò ọdún yìí pé kí wọ́n wó ilé ilẹ̀ tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ fi owó kòkó kọ́, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù alápẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ojú ibẹ̀. Nínú ìwé àbá wọn, ìlà kan péré ni wọ́n kọ nípa ilé àtijọ́ náà: kò níye lórí mọ́.

A kò sọ pé wọn kò gbọdọ̀ wó o. Ẹgbẹ́ ni ó ni ilé, ẹgbẹ́ náà ni yóò dìbò. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni ohun tí iye túmọ̀ sí nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé kékeré, ilé mẹ̀kúnnù, ilé tí ọba kò gbé inú rẹ̀ rí, tí gómìnà kò sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni a ó ti mú àpẹẹrẹ wa. Níbẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ní irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ súà, tí ó sì jẹ́ pé owó ẹgbẹ́ tí ó jọ tiwa ni wọ́n fi ní ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìlú náà sì ti jókòó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, wọ́n sì ti pinnu pé ohun ìṣúra ni àwọn ilé náà jẹ́.

Kí á kọ́kọ́ ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Bọ́ńgálò kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ Bengal ní Íńdíà ni ó ti wá. Bangla ni wọ́n ń pe ilé ilẹ̀ ti ibẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ṣàkóso Íńdíà mú ilé náà àti orúkọ rẹ̀ kiri ibi gbogbo tí wọ́n dé, wọ́n sì mú un dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá dàgbà nítòsí ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta mọ irú ilé tí à ń wí. Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọ̀gá ni bọ́ńgálò wà fún. Ní Chicago, ẹni tí ń gba owó iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó rà á.

Láàrin ọdún 1910 sí 1940 ni wọ́n kọ́ wọn, èyí tí ó pọ̀ jù lọ sì jẹ́ lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní 1918. Wọ́n tó bí 80,000 nínú ìlú náà, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ilé tí ìdílé kan ṣoṣo ń gbé níbẹ̀. Wọ́n yí ẹ̀yìn ìlú po bí ìgbànú ti ń yí ìbàdí po, ìdí nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pe àdúgbò wọ̀nyí ní Ìgbànú Bọ́ńgálò.

Bí ilé náà ti rí nìyí. Ilẹ̀ tí wọ́n ń pín fún ilé kan ní Chicago kò fẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 25 ní ìbú, 125 ní gígùn ni ó wọ́pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ bọ́ńgálò a máa fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nítorí náà ilé ní láti rí tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì gùn lọ sẹ́yìn. Òrùlé rẹ̀ kò ga, ó sì yọ síta kọjá ògiri. Abẹ́ ilé ní yàrá tí ìdajì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, tí ìdajì yọ sókè, nítorí náà àtẹ̀gùn díẹ̀ ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Yàrá àlejò ni ó wà níwájú, fèrèsé sì tò lọ lójú rẹ̀, gíláàsì aláwọ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn. Iná mànàmáná wà nínú ilé, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ilé, ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná nígbà òtútù sì wà ní abẹ́ ilé. Fún ìdílé tí ó ti ń gbé ilé onígi níbi tí èrò púpọ̀ ti ń pín ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan lò, ohun ńlá ni èyí.

Bíríkì ni ara rẹ̀, ìtàn sì wà nídìí èyí pẹ̀lú. Chicago jóná ní oṣù October 1871. Igi ni ó pọ̀ jù nínú ilé ìlú náà nígbà náà, iná yẹn sì sọ ènìyàn bí 100,000 di aláìnílé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba ìlú fi òfin de kíkọ́ ilé onígi ní ibi púpọ̀. Nínú bíríkì yìí ni ọgbọ́n mẹ̀kúnnù ti hàn. Iwájú ilé, tí ará àdúgbò ń rí, ni wọ́n fi bíríkì dídán tí ó wọ́n kọ́; ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, bíríkì lásán tí wọ́n fi amọ̀ ìtòsí ibẹ̀ sun ni. Ẹ wo ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú tiwa náà, iwájú nìkan ni wọ́n rẹ́ tí wọ́n sì kùn, ẹ̀gbẹ́ ń dúró de ọdún tí owó yóò tún dé. A kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó mọ ìwọ̀n owó ọwọ́ rẹ̀ ni í kọ́lé bẹ́ẹ̀.

Ta ni ń gbé inú wọn? Awakọ̀ tíráàmù, ọlọ́pàá, akọ̀wé, oníṣọ́ọ̀bù kékeré, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin. Ní Cicero, ìlú tí ó fara ti Chicago, ilé iṣẹ́ Western Electric ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù ní ibi tí wọ́n ń pè ní Hawthorne. Nígbà tí ó gbóná jù, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ju 40,000 lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé bọ́ńgálò ní Cicero àti ní Berwyn tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 1983. Ilé àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Níbi tí a dé yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa alájẹṣẹ́kù gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún wọ̀nyẹn, bí òṣìṣẹ́ bá lọ yá owó ilé ní bánkì, bánkì kì í sábà yá a ju bí ìdajì iye ilé lọ, wọn yóò sì ní kí ó dá gbogbo owó padà láàrin ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Níbo ni ẹni tí ń gba owó ọ̀sẹ̀ yóò ti rí i? Àwọn àlejò tí wọ́n ti òkè òkun dé, pàápàá àwọn Czech àti àwọn ará Poland, dá ẹgbẹ́ ìkọ́lé àti ẹ̀yáwó tiwọn sílẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ yóò gba ìpín, yóò sì máa san owó díẹ̀ lé e lórí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó tí ó bá jọ ni wọn yóò yá ẹni tí ó kàn láti fi ra ilé tàbí láti fi kọ́ ọ, ilé náà ni yóò fi dúró, yóò sì máa san án padà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èlé fún bí ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá. Èlé náà ni wọ́n ń pín fún àwọn tí ó fi owó pamọ́. Láàrin ará ìlú kan náà ni wọ́n ti ń pàdé, ní èdè ara wọn, onígbèsè àti ẹni tí ó fi owó pamọ́ sì mọ ojú ara wọn. Ọmọ ẹgbẹ́ wa wo ni ó ka èyí tí kò ní rí ìwé ẹgbẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀?

Anton Cermak jẹ́ ọ̀kan nínú ọmọ Czech wọ̀nyí. Wọ́n bí i ní 1873, ó ti ṣiṣẹ́ ní kòtò èédú nígbà èwe, ó sì bá òwò ilé àti ilẹ̀ dìde títí ó fi di olórí ìlú Chicago ní 1931. Ìbọn bà á ní Miami ní oṣù February 1933, nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ Franklin Roosevelt tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sípò ààrẹ. Ní oṣù March ni ó kú. Títì tí ó gba Cicero àti Berwyn kọjá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, ẹ̀bá títì náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ ìkọ́lé àti ẹ̀yáwó náà fi ṣe ibùjókòó.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé dídùn ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà wó lulẹ̀ láti 1929, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ onílé. Àwọn tí ó fi owó pamọ́ fẹ́ gba owó wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ara ilé ni gbogbo owó ẹgbẹ́ wà. Bíríkì kì í sì í ṣe ohun tí a lè kà fún ènìyàn lórí tábìlì. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ túká, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn. (Ọmọ ẹgbẹ́ tí inú máa ń bí nígbà tí àwa alábẹ̀wò bá ní kí ẹ má yá gbogbo owó jáde tán, kí ó tún ibí yìí kà.) Ní 1933 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá àjọ kan sílẹ̀ láti gba gbèsè ilé wọ̀nyí rù, wọ́n sì fún onílé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti san án. Nígbà tí ó fi di 1936, gbèsè ilé tí àjọ náà ti gbà rù káàkiri orílẹ̀-èdè tó bíi mílíọ̀nù kan. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ń kọjá níwájú ìlà bọ́ńgálò ní Berwyn, ó ń kọjá níwájú ilé àwọn tí wọ́n fi àwọn ọdún wọ̀nyẹn pa owó oúnjẹ lára kí ilé má baà bọ́.

Ohun kan tún wà tí ó korò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wọ̀nyí, ìwé àdéhùn ilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilé fún ènìyàn dúdú. Àjọ ìjọba tí a sọ lókè yìí náà ya àwòrán ìlú, ó sì fi ọ̀dà pupa kun àdúgbò àwọn dúdú, ìyẹn ni pé owó kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ní 1948 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ ti irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Martin Luther King kó èrò lọ sí Marquette Park ní inú Ìgbànú Bọ́ńgálò ní ọjọ́ 5 oṣù August 1966 láti béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn dúdú ra ilé níbikíbi, òkò ni àwọn ará ibẹ̀ sọ lù ú lórí. Àwọn tí ń sọ òkò yìí, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n fi owó díẹ̀díẹ̀ ra ilé. Nígbà tó ṣe, àwọn ìdílé dúdú ra bọ́ńgálò ní ìhà gúúsù ìlú, ní Chatham àti ní South Shore, wọ́n sì ń tọ́jú wọn. Òkè ọ̀kan nínú bọ́ńgálò bíríkì South Shore, tí ó jẹ́ ti ẹbí rẹ̀ kan, ni wọ́n ti tọ́ Michelle Obama dàgbà. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ omi ìlú ni baba rẹ̀.

Èyí ni ó mú wa dé ìbéèrè wa. Kí ni iye ilé bẹ́ẹ̀? Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ilé ìtàn ni ààfin, ilé Ọlọ́run ńlá, ilé tí gbajúmọ̀ ayàwòrán-ilé yà. Bọ́ńgálò kò bá èyíkéyìí nínú wọn mu. Kọ́lékọ́lé ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ wọn, láti inú àwòrán kan tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mejìlá ní àdúgbò kan náà. Ẹni tí ó bá ń wá èyí tí kò ní ẹlẹ́gbẹ́ yóò sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tiwa, ẹlẹ́gbẹ́ tí ó ní gan-an ni iye rẹ̀. Bọ́ńgálò kan fi hàn pé ẹnì kan rí owó. Ìlà bọ́ńgálò gígùn, tí gbogbo òrùlé wọn ga bákan náà, tí gbogbo àtẹ̀gùn wọn wà lójú ìlà kan, fi hàn pé odindi ìran òṣìṣẹ́ kan kúrò ní ipò ayálégbé di onílé. Ìwé kan kò lè fi èyí hàn ojú bí títì náà ti fi hàn án. Bí ẹnì kan bá ká òrùlé tirẹ̀ kúrò láàrin wọn, tí ó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e, ilé kan ni ó tún ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ìlà náà ni ó bà jẹ́, àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì pàdánù láìjẹ́ pé wọ́n gba kọ́bọ̀.

Ní ọdún 2000 ni ìjọba ìlú Chicago, nígbà tí Richard M. Daley jẹ́ olórí ìlú, gbé ètò kan kalẹ̀ fún bọ́ńgálò. Wọn kò sọ wọ́n di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ń san owó wọ̀. Wọ́n ran onílé lọ́wọ́ láti rí owó àtúnṣe yá, wọ́n sì kọ́ ọ bí a ti ń tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe. Láti ìgbà náà, àdúgbò bọ́ńgálò tí ó ju mẹ́wàá lọ ni wọ́n ti kọ sínú ìwé orúkọ àwọn ibi ìtàn ti ìjọba àpapọ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé orúkọ inú ìwé yẹn nìkan kò sọ pé onílé kò gbọdọ̀ wó ilé ara rẹ̀. Èrè ni ó fi ń fa onílé: ní ìpínlẹ̀ Illinois, bí ilé bá wà nínú ìwé náà, tí onílé ń gbé inú rẹ̀, tí ó sì ná owó gidi sí àtúnṣe rẹ̀ ní ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀, ó lè béèrè pé kí wọ́n má ṣe tìtorí àtúnṣe náà bu owó orí ilé kún fún ọdún 8.

Nínú ẹ̀kọ́ àtúnṣe náà, ọ̀kan wà tí yóò wúlò fún wa. Bíríkì lásán ti Chicago rọ̀. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì líle dí ojú ìsopọ̀ rẹ̀, omi tí ó bá wọ inú ògiri kò ní rí ọ̀nà jáde bí kò ṣe láti ara bíríkì, bíríkì náà ni yóò sì fọ́. Àpòpọ̀ tí ó rọ̀, tí ẹfun wà nínú rẹ̀, ni ó yẹ ẹ́. Àwọn tí ilé alámọ̀ baba wọn wà ní abúlé ti rí irú rẹ̀: wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kí ó lè dára, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ sìmẹ́ǹtì ń ṣí ní abala abala, amọ̀ sì bá a lọ. Kì í ṣe gbogbo ilé àtijọ́ tí ń wó ni ọjọ́ orí ń wó. Àtúnṣe tí kò bá a mu ni ó ń pa òmíràn.

Lọ́dọ̀ wa, òfin wà fún ilé ìtàn, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ wọn sì ti wà láti 1979. Síbẹ̀ ilé Ilojo Bar ní Tinubu, Èkó, tí àwọn tí ó ti Brazil padà kọ́ ní nǹkan bí 1855, tí ìjọba sì ti kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ni wọ́n wó ní oṣù September 2016. Ilé ńlá, ilé olókìkí, tí òfin dúró tì, ni èyí. Ilé ilẹ̀ kékeré tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ́ kò ní òfin kankan tí ó dúró tì í ju ìpàdé gbogbogbò lọ. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dé Nàìjíríà ní 1935. Àwọn àgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin yìí ti lọ tán, ìwé wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹrà tán lọ́wọ́ ikán, ní ibi púpọ̀ ilé náà nìkan ni ó kù tí ó lè jẹ́rìí pé wọ́n dá owó jọ, tí ẹnì kankan kò sì kó o jẹ.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ wá kọ́kọ́ pe kọ́lékọ́lé kan tí kì í ṣe òun ni yóò gba iṣẹ́ tuntun náà, kí ó wo ilé àtijọ́, kí ó sì kọ iye tí àtúnṣe rẹ̀ yóò jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wíwó àti títún kọ́ yóò jẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣẹ́kù lẹ́yìn, kí wọ́n béèrè iye tí ṣọ́ọ̀bù yóò jẹ́ bí wọ́n bá kọ́ ọ síbẹ̀, kí ilé àtijọ́ sì dúró níwájú. Bí ọ̀pọ̀ onílé Chicago ti ń ṣe nìyẹn, nítorí ilẹ̀ wọn gùn sẹ́yìn. Kí akọ̀wé wá ìwé ìpàdé ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà jáde, kí ó da orúkọ àwọn tí ó dá owó àti iye tí olúkúlùkù dá kọ, kí ó ya fọ́tò ilé náà níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ó fi gbogbo rẹ̀ mọ́ ìwé àbá tí yóò pín fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n tó dìbò, ní ojú ewé kan náà tí náírà kan yẹn wà.